Bónọ́ọ̀sì £3,000 ni wọ́n ṣèlérí, £1,907 ló wọlé. Ta ló jẹ ìyókù?

Ọmọ Ìkirè, Salford

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. September 2025 yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, £36,000 lọ́dún, £3,000 lóṣù. Kí n tó fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ṣèlérí bónọ́ọ̀sì ìwọṣẹ́ £3,000, wọ́n ní owó oṣù October ni yóò bá wọlé. Mo ti pín in tán lọ́kàn: £1,500 fún owó ilé-ìwé àbúrò mi ní Ìbàdàn, ìyókù fún gbèsè àti fíríìjì, nítorí èyí tó wà ńlé ń sunkún sílẹ̀ ní gbogbo òru.

Ọjọ́ tí owó dé, £4,360 ni mo rí. Oṣù tó ṣáájú, tí kò sí bónọ́ọ̀sì kankan, £2,453 ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò: nínú £3,000, £1,907 péré ló dé ọwọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe bónọ́ọ̀sì níbí, pé 40% ni ti ìjọba. Ṣé òótọ́ ni àbí ilé-iṣẹ́ ló fọgbọ́n gbé e?

* * *

Bọ̀dá Payroll

Iye tó wọ báǹkì kò lè sọ nǹkan kan fún wa. Gbé payslip yẹn, ìwé owó oṣù rẹ, síwájú rẹ, wo ìtòsí orúkọ rẹ, wàá rí ohun tí wọ́n pè ní tax code, àmì tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa gé owó orí rẹ. Kọ ọ́ síbí bó ṣe wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà yòówù tó bá tẹ̀ lé e. Kó o tó kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má pe ilé-iṣẹ́ rẹ ní olè.

Mo ti ka èsì tó wà nílẹ̀ kí n tó dé. Àwọn kan gbà pé lóòótọ́ ni ìjọba ń gé 40% lórí bónọ́ọ̀sì gbogbo ẹni tó bá gbà á. Àwọn kan ní ò bá ti ní kí wọ́n pín in sí oṣù mẹ́ta. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kó o kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, mi ò mọ̀ bóyá òun ló máa san owó ilé fún ọ. Èmi ò bá ìkankan lọ nínú wọn. Ní UK, kò sí owó orí kankan tó ń jẹ́ ti bónọ́ọ̀sì. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ń da owó oṣù àti bónọ́ọ̀sì sí kí wọ́n tó bu ti ìjọba. Bí ìbù náà bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tax code ni kó o kọ́kọ́ fura sí.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fi payroll, iṣẹ́ ìṣirò owó oṣù, jẹun. Ìbéèrè yìí kì í tán.

* * *

Ọmọ Ìkirè, Salford

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó wà níbẹ̀ ni 1257L M1. Owó orí £1,352. National Insurance (NI, owó ìdójútòfò ìjọba) £287.50. Pension kò tíì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ó di lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, £2,400 ni mo ń gbà lóṣù, April títí dé August.

* * *

Bọ̀dá Payroll

M1. Ọwọ́ ti ba ẹni tá à ń wá.

Jẹ́ kí n là á sílẹ̀. 1257L túmọ̀ sí pé £12,570 wà lọ́dún tí ìjọba kì í fọwọ́ kàn nínú owó rẹ. Pín in sí oṣù méjìlá, ó jẹ́ nǹkan bí £1,048. Ohun tó bá lé ní ìyẹn, 20% ni wọ́n ń gé títí owó ọdún rẹ yóò fi tó £50,270. Ibẹ̀ ni 40% ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí kò bá sí M1 lẹ́yìn 1257L, kọ̀ǹpútà payroll máa ń rántí. Á ṣírò gbogbo ohun tó o ti gbà láti 6 April tí ọdún owó orí bẹ̀rẹ̀, á ṣírò gbogbo èyí tí wọ́n ti gé, á wá gé ìyókù tó yẹ. Bí M1 bá wà níbẹ̀, kò rántí nǹkan kan. Oṣù kọ̀ọ̀kan dá dúró bí àlejò. Kò mọ̀ pé o ṣiṣẹ́ níbì kan ní April, kò mọ̀ pé bónọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni £3,000 yìí. £6,000 ló rí ní October, ó gbà pé bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń gbà á lóṣooṣù, ó sì gé owó orí ẹni tó ń gba £72,000 lọ́dún lọ́wọ́ rẹ.

Wo bó ṣe ṣe é. Nínú £6,000, ó yọ £1,048 tí a kì í fọwọ́ kàn, ó ku £4,951 àti ṣílè díẹ̀. £3,142 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn ààyè 20% ti ọdún tí a pín sí oṣù méjìlá, 20%: £628. £1,809 tó kù, 40%: £724. Àpapọ̀ rẹ̀ ni £1,352 tó o kọ yẹn. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́ pátápátá, 40% wọ inú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe torí pé ó jẹ́ bónọ́ọ̀sì.

Wàyí o, kí ni owó ọdún rẹ gan-an? £2,400 lọ́nà márùn-ún, £12,000. £3,000 lọ́nà méje láti September dé March, £21,000. Fi bónọ́ọ̀sì lé e, £36,000. Báwo ni ẹni tó gba £36,000 ṣe máa san 40%? £1,809 yẹn tí wọ́n gé 40% lórí rẹ̀, 20% ló yẹ kí wọ́n gé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ £362 ó dín díẹ̀. Owó rẹ ni. Yóò padà.

* * *

Ìyá Ìbejì, Bolton

Bọ̀dá, ẹ má fi NI sílẹ̀ o! Wọ́n gé £287 lórí NI, oṣù tó ṣáájú £156 ni. Ìyẹn náà á padà, àbí? Àti pé àwa tá a ní kó jẹ́ kí wọ́n pín in sí oṣù mẹ́ta, kí ló burú níbẹ̀? Bí wọ́n bá san £1,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan, kò ní kan 40% rárá.

* * *

Bọ̀dá Payroll

Ìyá Ìbejì, NI kò ní padà, kò sì yẹ kó padà. NI kì í bojú wẹ̀yìn fún ẹnikẹ́ni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ lásán, oṣù tí owó bọ́ sí ló mọ̀. Láàárín £1,048 sí £4,189 lóṣù, 8% ni. Ohun tó bá lé ní £4,189, 2% péré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn rèé. Torí pé owó àbúrò wa wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, apá tó pọ̀ nínú bónọ́ọ̀sì rẹ̀ bọ́ sínú 2%. NI tí wọ́n gé lórí £3,000 yẹn kò ju £131 lọ. Bí wọ́n bá pín in sí oṣù mẹ́ta bí ẹ ṣe wí, £4,000 ni yóò máa gbà lóṣù, gbogbo bónọ́ọ̀sì náà á wà lábẹ́ 8%, NI á sì di £240. £109 ló máa pàdánù, kò sì sí ọ́fíìsì tó máa dá a padà fún un láéláé. Owó orí tí wọ́n gé jù, ìjọba kàn yá a ni. NI tẹ́ ẹ fẹ́ kó fi pín in, ó ti lọ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní owó ọwọ́ ẹni ló dáa jù, kí £362 má lọ sùn sọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tí owó ilé-ìwé ń lé, mo gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu lásán sọ pé pípín ló ń dín owó kù.

Ẹni tó bá ń ka èyí láti Aberdeen, tìrẹ yàtọ̀. Code tó bá fi S bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti Scotland, ìpele owó orí wọn pọ̀ ju tiwa lọ. Ìṣirò tí mo ṣe yìí kò bá tìrẹ mu. NI nìkan ló jọra.

* * *

Ọmọ Ìkirè, Salford

Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń yé mi. Ṣùgbọ́n ta ló fi M1 sí mi lára? Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n fi síbẹ̀.

* * *

Bọ̀dá Payroll

Ìwọ ni. Má bínú.

Nígbà tó o wọṣẹ́, wọ́n bi ọ́ ní P45, ìwé tí ibi tó o ti kúrò máa ń fún ọ, tó ń sọ iye tó o ti gbà lọ́dún yẹn àti iye tí wọ́n ti gé. O ò ní in. Wọ́n wá fún ọ ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n pè ní starter checklist. Lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ìdáhùn rẹ máa gbé ọ lọ sí A, B tàbí C. A ni ti ẹni tí èyí jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ láti 6 April, 1257L tó ń rántí ni wọ́n ń fún un. B ni ti ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́dún náà àmọ́ tó ti fi í sílẹ̀, M1 nìyẹn. C ni ti ẹni tó ṣì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, BR ni wọ́n ń fi sí i, 20% láti pọ́n-ùn àkọ́kọ́, kò sí £1,048 kankan. Ẹni tí kò mú P45 wá, tí kò sì kọ fọ́ọ̀mù, 0T ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn tún wá burú ju gbogbo wọn lọ.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, tí kò tíì ṣiṣẹ́ kankan níbí láti April, A ni kó mú. Mo rí àwọn nọ́ọ̀sì tó mú B nítorí pé wọ́n ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin títí dé June. Wọ́n fi òótọ́ inú ṣe é, ó sì ná wọn lówó, torí ẹni tó wọṣẹ́ ní September pẹ̀lú A ní oṣù márùn-ún £1,048 tó ti kó jọ dè é.

Ibo ni P45 rẹ wà?

* * *

Ọmọ Ìkirè, Salford

Èjéǹsì ni mo wà tẹ́lẹ̀. Mo kàn dáwọ́ ṣíìfù gbígbà dúró ni. Mi ò kọ ìwé kankan sí wọn, mo rò pé bí wọn ò bá rí mi wọ́n á mọ̀ pé mo ti lọ.

* * *

Bọ̀dá Payroll

Mo rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ìwọ ni mo fi ń rín, ara mi ni. Ní 2014, ilé-ìkẹ́rùsí kan nítòsí Trafford ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ òru, èjéǹsì ló mú mi débẹ̀. Mo rí iṣẹ́ ọ́fíìsì, inú mi dùn dé ibi pé mi ò padà lọ gba bàtà mi. Èjéǹsì ò sì mọ̀ pé mo ti lọ. Lójú tiwọn, mo ṣì wà nínú ìwé, wọ́n kàn ń dúró kí n gbé fóònù. Bí wọn ò bá yọ orúkọ ẹni kúrò, P45 kò lè jáde, ọwọ́ wọn sì ni tax code rere ẹni máa wà. BR ni wọ́n fi sí mi níbi iṣẹ́ tuntun.

Lọ́dún yẹn £10,000 ni owó tí wọn kì í fọwọ́ kàn. 20% rẹ̀ lóṣù jẹ́ £166. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń pàdánù £166, mo sì ń bá ìyàwó mi jà pé ó ń ná owó jù. Payslip mi, inú àpòòwé ni wọ́n ń fi sí nígbà yẹn. Mi ò ya èyíkéyìí nínú wọn. Obìnrin kan tó jókòó kọjú sí mi ló ń ya tirẹ̀, ó bi mí léèrè pé kí ni code mi, mo ní ewo ló ń jẹ́ code.

Nítorí náà, lónìí yìí, kọ ìméèlì sí èjéǹsì yẹn. Ìlà kan tó: "Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi P45 mi ránṣẹ́." Bó bá dé, gbé e fún payroll ibi tó o wà. Láìdúró dè wọ́n, wọ inú àpù HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba UK, lórí fóònù rẹ, wo àwọn iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí o bá rí i pé èjéǹsì ṣì wà níbẹ̀ bí iṣẹ́ tó ò ń ṣe lọ́wọ́, sọ fún wọn pé o ti kúrò. Àwọn fúnra wọn á fi code tuntun ránṣẹ́ sí payroll rẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀ tí 5 April kọjá lọ, HMRC á ṣírò ọdún náà, wọ́n á sì fi lẹ́tà P800 ránṣẹ́ sí ọ. Àmọ́ kí ló dé tó o fi máa dúró dìgbà yẹn nígbà tí November wà níwájú?

Má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti bá ọ ṣe é. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa san £120 fún ẹnì kan lórí WhatsApp kí ó lè gba £400 padà, ohun tí ò bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe nínú ilé ìwẹ̀. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá sì wọlé pé "o ní owó orí láti gbà, tẹ ibí", pa á rẹ́. HMRC kì í fi irú ẹ̀ ránṣẹ́.

* * *

Ará Houston

Ẹ̀yin ará UK ń jayé. Níbí, bónọ́ọ̀sì ní ìyà tirẹ̀: 22% ni wọ́n ń fà yọ fún ìjọba àpapọ̀, kì báà jẹ́ pé owó oṣù rẹ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà 6.2% fún Social Security, 1.45% fún Medicare. A dúpẹ́ pé Texas kò gba owó orí lórí owó oṣù.

* * *

Bọ̀dá Payroll

Àbí bóyá ibẹ̀ ni ìtàn 40% tí wọ́n ń sọ níbí ti wá, pé bónọ́ọ̀sì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lóòótọ́ ó ní i. Ṣùgbọ́n fífà yọ lásán ni 22% yẹn, ẹ ṣáà ṣì máa ń ṣe ìṣirò ọdún lápapọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù yín. Ẹni tó yẹ kó san 12% á gba ìyàtọ̀ rẹ̀ padà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà

Ẹ rántí wa nílé. Èmi náà yí iṣẹ́ padà, wọ́n fún mi ní owó oṣù kẹtàlá, owó orí gbé ìdajì ìdùnnú mi lọ. Wọ́n ní láti 1 January 2026 òfin tuntun á bẹ̀rẹ̀, pé tálákà kò ní san mọ́.

* * *

Bọ̀dá Payroll

₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún ni wọn kò ní fọwọ́ kàn. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15%. Lẹ́yìn náà 18%, ó ń gòkè títí dé 25% fún ohun tó bá lé ní ₦50,000,000. Ìdínkù fún owó ilé náà wà: 20% owó ilé tẹ́ ẹ san lọ́dún, kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ, nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì lánlọ́ọ̀dù. Bónọ́ọ̀sì àti owó oṣù kẹtàlá, inú ìkòkò kan náà ni tiyín náà. Bẹ́ ẹ bá sì yí iṣẹ́ padà láàárín ọdún, ẹ gba ìwé iye tẹ́ ẹ ti gbà àti iye tí wọ́n ti gé níbi àkọ́kọ́, ẹ gbé e fún payroll tuntun. Ìgbàgbé kan náà ló ń ṣe kọ̀ǹpútà wọn.

Ẹni tó ń gbé Mowe tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni owó orí rẹ̀, kì í ṣe Èkó. Mo mọ̀ pé ìjà ni mo dá sílẹ̀ yẹn. Ẹ lọ jà á níbòmíràn, ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìkirè la wà.

* * *

Ìyá Ìbejì, Bolton

Ohun kan tẹ́nikẹ́ni ò tíì bi í: bónọ́ọ̀sì ìwọṣẹ́ yẹn, kò ní ìdè? Tèmi ní i. Wọ́n ní bí mo bá kúrò kó tó pé ọdún kan, mo gbọ́dọ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà. Gbogbo rẹ̀ o, títí kan èyí tí ìjọba ti gbé lọ!

* * *

Bọ̀dá Payroll

Ìyá Ìbejì, ẹ ti fọwọ́ ba ibi tó ń dunni gan-an. Ọmọ Ìkirè, ka ìwé rẹ. Bó bá jẹ́ "gross" ni wọ́n kọ, £3,000 lo máa dá padà bó tilẹ̀ jẹ́ pé £2,269 péré ni yóò kù sí ọ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan bá tò. Bó bá jẹ́ "net", iye tó dé ọwọ́ rẹ ni. Ohun tó yẹ kéèyàn jà fún kó tó fọwọ́ sí i nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí dídá padà bá bọ́ sínú ọdún owó orí kan náà, payroll lè yọ ọ́ kúrò nínú owó rẹ kí wọ́n tó ṣírò owó orí, kò ní fi bẹ́ẹ̀ dunni. Bó bá ti kọjá 5 April, ó di wàhálà. Ọkùnrin kan gba £250,000 bónọ́ọ̀sì ìwọṣẹ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó àkókò, ó dá £162,500 padà, HMRC ní owó orí tó ti san lórí rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ní 2014 ni Upper Tribunal, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí owó orí, dá a láre pé ó lè gba ìdínkù. Ìyẹn ẹni tó lágbára láti gba lọ́yà. Ìwọ àti èmi, ká kàn wo kàlẹ́ńdà ká tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

* * *

Ọmọ Ìkirè, Salford

Ẹ kú oṣù kan. November ti wọlé. Èjéǹsì fi P45 ránṣẹ́ lẹ́yìn ìméèlì kẹta. Code mi ti di 1257L, M1 ti lọ. Owó orí: £29. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. £2,814 ló wọ báǹkì dípò £2,453. Owó àbúrò mi ti pé, fíríìjì ń bọ̀ ní Saturday. "Net" ni wọ́n kọ sínú ìwé mi, ẹ bá mi dúpẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi tó ní 40% ni ti ìjọba, mo ní kó mú payslip tirẹ̀ wá. BR ló wà níbẹ̀, láti January tó ti wọṣẹ́. Ó ní òun rò pé ìkékúrú "branch" ni.

* * *

Bọ̀dá Payroll

January sí November! Ní kó lọ wá P45 rẹ̀ lónìí. Bó bá jẹ́ èjéǹsì kan náà ló mú un, kó kọ ìméèlì mẹ́ta papọ̀. January sí March ti bọ́ sínú ọdún owó orí tó kọjá, payroll kò lè fọwọ́ kan ìyẹn mọ́, HMRC ni kó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún un, àmọ́ kó má fi ṣeré.